Lẹ́yìn ẹnubodè, ta ló ni ẹrù? Bí mo ṣe rí eBay International Shipping

Lẹ́ńsì kámẹ́rà àtijọ́ ni mò ń tà lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá irú rẹ̀ lójú méjèèjì ló sì wà ní Jámánì, Jàpáánù àti Ọsirélíà. Ẹni bá ń tajà sókè òkun, kì í ṣe bí ẹrù ṣe ń yá tó ni kó kọ́kọ́ béèrè. Kó béèrè pé bí ẹrù bá ti kọjá ẹnubodè, ọrùn ta ni wàhálà rẹ̀ wà? Ìbéèrè yìí ni mo fi díwọ̀n eBay International Shipping, ètò tí eBay fi ń bá ọlọ́jà gbé ẹrù lọ sókè òkun, tí wọ́n gbé jáde ní 2022 dípò Global Shipping Program, ètò wọn àtẹ̀yìnwá.

Bí ẹni tó wà lókè òkun bá rajà lọ́wọ́ mi, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ kọ́ ni mò ń lẹ̀ mọ́ páálí. Ibùdó eBay ní Glendale Heights, ìpínlẹ̀ Illinois, ni mò ń fi ránṣẹ́ sí. Tó bá ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, iṣẹ́ tèmi tán. Àwọn ló ń kọ fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníbàárà kí ọjà tó gbéra. Bó bá sọnù tàbí tó fọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò yọ owó náà lára tèmi.

Ẹni tó ti dá ẹrù fi ránṣẹ́ rí ló máa mọ bí èyí ṣe tó. Oníbàárà mi kan ní Yúróòpù kọ̀ láti sanwó orí nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù gbé lẹ́ńsì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní òun ti sanwó ọjà, kí ló tún kù. Ẹrù jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi dá a padà, mo dá gbogbo owó padà fún un, ilé-iṣẹ́ tó gbé e tún wá béèrè owó ìdápadà ẹrù lọ́wọ́ mi. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ṣáájú oṣù Keje 2021, ẹrù tí kò ju yúrò 22 lọ kì í san VAT, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, tó bá ń wọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀ ló ń san. Fún ẹrù tí kò kọjá yúrò 150, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba VAT náà mọ́ owó ọjà níbi tí oníbàárà ti ń sanwó. Bìrìtéènì fi tiwọn sí pọ́ùn 135, Ọsirélíà sì fi tiwọn sí dọ́là wọn 1,000. Lẹ́ńsì tó dáa máa ń ju yúrò 150 lọ, nítorí náà ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà ṣáájú yìí ló pa ìjà náà.

Ohun kejì tó tù mí lára ni pé ẹ̀bẹ̀ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni", tí oníbàárà máa ń bẹ̀ mí kó lè bọ́ lọ́wọ́ owó ibodè, ti dópin. Mi ò ní kọ irọ́ sínú ìwé ibodè fún ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sófin, iye tí ènìyàn bá kọ ni wọ́n ń wò tó bá ń béèrè owó adójútòfò. Ní báyìí, kì í ṣe èmi ni mò ń kọ ọ́.

Ti ìdápadà ọjà náà tún wà. Bí oníbàárà bá ní òun ò fẹ́ mọ́, àwọn ló ń bójú tó o. Ọjà kì í padà sọ́dọ̀ mi, owó mi sì dúró, bí mo bá ṣáà ti tẹ̀lé ìlànà wọn.

Ibi tí mi ò fara mọ́ ni owó ìfiránṣẹ́. Ọlọ́jà ò láṣẹ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yan ilé-iṣẹ́ tó máa gbé e. Lórí lẹ́ńsì olówó ńlá, oníbàárà lè fara dà á. Lórí ìdérí lẹ́ńsì, owó gbígbé lè ju owó ọjà lọ, kò sì sẹ́ni tó máa rà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì tún lè tú ẹrù, kí wọ́n tún un dì, ní ibùdó, nítorí náà inú páálí kékeré tó le ni mo máa ń kọ́kọ́ di lẹ́ńsì sí kó tó wọ páálí ńlá.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, mo yọ wọ́n kúrò nínú ètò náà, pósọ́fíìsì ni mò ń gbà fi wọ́n ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ḿbà tí oníbàárà lè fi tọpa wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ ohun tó wà nínú ẹrù yékéyéké, kó sì fi nọ́ḿbà HS, èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ irú ọjà, tó bá ọjà mu sí i. Ti lẹ́ńsì kámẹ́rà ni 9002.11. "Ohun èlò kámẹ́rà" nìkan ò tó, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí kò sí nínú kámẹ́rà, mi ò tiẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sókè òkun rárá.