Fullmetal Alchemist: Brotherhood fún ẹni tí kò wo anime rí: ẹ fo apá kìíní, kí ẹ sì ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Apá kẹrin eré yìí ni àlejò, ìyẹn ẹni tí kò wo anime rí, ti máa ń mọ̀ pé anime, eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì, kì í ṣe kátúùnù ọmọdé. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ìdákẹ́jẹ́ kan: Edward, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, rí nǹkan, ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń yé e díẹ̀díẹ̀, kí ó tó la ẹnu. Iléeṣẹ́ tí mò ń san owó oṣù fún láti wo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì ba ìdákẹ́jẹ́ yẹn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ (subtitles), èyí tí à ń kà nísàlẹ̀ àwòrán, ti yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó ti tú àṣírí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀. Níbi tó yẹ kí àyà àlejò já, ńṣe ló ń béèrè bóyá tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́. Kò sì sí ẹni tó lè wo apá yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó fà á nìyí, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ anime mìíràn. Èyí tó bá ní ohùn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní ju oríṣi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ. Ọ̀kan jẹ́ ìtumọ̀ ohun tí àwọn òṣèré Jàpáànì ń sọ. Òmíràn, tí wọ́n máa ń kọ CC sí lára, wà fún àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa. Inú ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ ọ́, ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì ń bá rìn. Nígbà mìíràn ẹ ó tún rí èyí tí kò tú ju ohun tí wọ́n kọ sára pátákó àti lẹ́tà lọ, pẹ̀lú orin. Bí ẹ bá fi ohùn Jàpáànì pọ̀ mọ́ CC, gbólóhùn á máa ṣáájú ẹnu tàbí kí ó máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, ẹ ó sì máa kà nípa ilẹ̀kùn tó dún àti ààrá tó sán. Bí ẹ bá fi ohùn Jàpáànì pọ̀ mọ́ ti pátákó, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò ní rí nǹkan kà. Ẹni tí anime ti mọ́ lára á fura kíá. Àlejò kò ní fura. Yóò rò pé bí anime ṣe rí nìyẹn, yóò sì dìde.

Apá kẹta lọ dáadáa. Nígbà tí áàpù wọn fúnra rẹ̀ fò bọ́ sí apá kẹrin, ó yí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí CC láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ìdáhùn wọn. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀rọ ló kọ ọ́: kí n pa tẹlifíṣọ̀n kí n tún un tàn, kí n yọ áàpù kúrò kí n tún un gbé sí i. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. CC náà ló tún jáde. Òṣìṣẹ́ tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ẹ̀rọ ní íntánẹ́ẹ̀tì mi ló ń fà. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà á mú kí àwòrán dúró tàbí kí ó ṣú. Kò lè fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kan rọ́pò òmíràn. Mo ṣàlàyé èyí, mo fi fọ́tò tì í. Ó kọ "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa", ó sì ti ẹjọ́ náà pa. Ẹni tó mú ẹ̀rí wá ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Àìbìkítà gbáà ni.

Nígbà tí mo tún ẹjọ́ náà ṣí, ọwọ́ obìnrin kan ló bọ́ sí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ka ibí yìí. "Ẹ kú sùúrù, mà," ló kọ. "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ló wà níwájú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà? Ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ apá kẹrin, àbí òun ló bọ́ sí i fúnra rẹ̀?" Ìbéèrè kejì yẹn ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó lọ dán an wò lórí irú tẹlifíṣọ̀n kan náà, ó padà wá, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Tẹlifíṣọ̀n náà ní ètò tirẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ràn, wọ́n sì ti tàn án sílẹ̀ látilé iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí áàpù bá fúnra rẹ̀ fò sí apá tó kàn, ètò yẹn ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí oníbàárà yàn.

Ó ní kí n kọ́kọ́ wọ sẹ́tíǹsì tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, kí n pa CC níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí n wọ ìkànnì wọn lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí n yan ohùn àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fún orúkọ ẹni tó ń wo eré, kí n pa fífò sí apá tó kàn, kí n wá jáde kúrò nínú áàpù orí tẹlifíṣọ̀n kí n tún wọlé. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Pípa fífò yẹn tún ní àǹfààní mìíràn: àwọn anime kan máa ń fi ìran kékeré pamọ́ sẹ́yìn orin ìparí, áàpù tó bá ń kánjú á gé e dànù. Obìnrin náà dá owó oṣù kan padà láìjẹ́ pé mo bèèrè, ó sì tún kọ̀wé lẹ́yìn náà láti mọ̀ bóyá ó dúró bẹ́ẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Nípa eré náà gan-an, kò sí èyí tí mo lè fi ṣáájú rẹ̀ fún àgbàlagbà tó fẹ́ràn ìtàn tó ní orí tó sì ní ìdí. Studio Bones ló ṣe é láàárín 2009 sí 2010, láti inú ìwé ìtàn aláwòrán (manga) tí Hiromu Arakawa kọ. Apá 64 ni, ó sì parí pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi apá kìíní bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtàn rẹ̀ nínú ìwé Arakawa. Ó da àwọn èèyàn inú ìtàn, Mustang, Hughes, Armstrong, Kimblee àti Bradley, lé àlejò lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dárúkọ ogun Ishval inú ìtàn náà bí ẹni pé gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, nítorí anime àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ṣe láti inú ìwé kan náà ní 2003 ṣì wà lórí àwọn tó ń wò ó nígbà náà. Apá kejì ni ẹ bẹ̀rẹ̀: ìyá, ọmọ méjì, ohun tí wọ́n ṣe, ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn. Apá kẹta àti ìkẹrin ni kí ẹ wò tẹ̀lé e níjokòó kan náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ lè padà sí apá kìíní nígbà tí àlejò bá ti mọ àwọn èèyàn náà. Ẹ fo apá 27, àwòrán àtijọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ojú àwọn èèyàn náà á máa ṣàdédé di roboto láàárín ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ̀fẹ̀ ni, bí wọn kò bá sọ fún un, yóò rò pé eré náà kò mọ ohun tó fẹ́. Bí kò bá yá lójú kíkà, ẹ fún un ní ohùn Gẹ̀ẹ́sì, ó dára púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Bí ọmọdé bá wà nílé, My Neighbor Totoro (1988) ni kí ẹ fi sí i, ìṣẹ́jú 86 péré. Fún ẹni tó fẹ́ràn eré ọlọ́pàá, Death Note, ṣùgbọ́n ẹ fi apá kìíní àti ìkejì hàn án pọ̀, inú ìkejì ni ìdíje ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi fíìmù Demon Slayer ti ọkọ̀ ojú irin, Mugen Train, ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹ̀yìn apá 26 ló ti tẹ̀ síwájú.

Eré àti iléeṣẹ́ pọ̀, mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Apá kìíní yẹn ló jẹ ìràwọ̀ kan tó kù.