Oxford: Ìlú Tí Yunifásítì Rẹ̀ Kò Ní Géètì

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu àlejò tó bá dé Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé, "Yunifásítì ọ̀hún dà?" Kò sí géètì kan tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lé ní 30 ló para pọ̀ di yunifásítì yẹn, kálukú ló ní ọgbà tirẹ̀, gbọ̀ngàn oúnjẹ tirẹ̀ àti aṣọ́nà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ilé ìjọsìn tirẹ̀. Wọ́n fọ́n ká sáàárín ṣọ́ọ̀bù, báńkì àti ibùdókọ̀. Láti nǹkan bí 1096 ni wọ́n ti ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí, tó sì mọ ìgbà tó ń ṣí, á gbádùn ìlú náà dọ́ba. Ẹni tí kò bá mọ̀, ògiri lásán ni yóò máa wò kiri.

Ẹ má gbé mọ́tò wọ àárín ìlú. Kámẹ́rà wà ní High Street tó ń ya nọ́ńbà ọkọ̀ láti aago 7:30 àárọ̀ títí di 6:30 ìrọ̀lẹ́, ìwé owó ìtanràn á sì bá ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ délé. Ibùdó Park and Ride márùn-ún ló yí ìlú ká. Thornhill ló kọ́kọ́ kan ẹni tó bá gba òpópónà M40 bọ̀ láti London. Ẹ páàkì síbẹ̀, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Rélùwéè láti ibùdó Paddington ní London máa ń gbà tó wákàtí kan, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 dé Carfax, oríta àárín ìlú.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìṣọ́ Carfax ní àtẹ̀gùn 99, ti ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's ní High Street sì ní 127. St Mary's ni kí ẹ gùn, torí pé Radcliffe Camera, ilé ìkàwé roboto tó ní òrùlé bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Àtẹ̀gùn náà tóóró, ó sì ń yí bí ìkarahun ìgbín. Àwọn tó ń gòkè àti àwọn tó ń sọ̀ máa ń pàdé níbi tí kò sí àyè láti yà fúnra wọn, òkè ibẹ̀ náà ò sì fẹ̀ ju ènìyàn kan lọ. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni kí ẹ wọlé, láìgbé báàgì ńlá sẹ́yìn. Ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ lókè kó dúró nísàlẹ̀.

Covered Market, ọjà abẹ́ òrùlé, ò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1774 láti kó àwọn alápatà kúrò lójú títì, alápatà sì wà níbẹ̀ di òní. Ibẹ̀ ni Ben's Cookies ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kéèkì, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mọ òdòdó ṣúgà, ewé kan lẹ́yìn èkejì.

Ní Broad Street, ṣọ́ọ̀bù ìwé Blackwell's, tó ti wà láti 1879, kéré lójú ẹni tó bá wà níta. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Norrington Room: yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní 1966, tí pẹpẹ ìwé inú rẹ̀ gùn tó máìlì mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni láti wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò lé yín.

Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ wọn ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí fún àlejò, wọ́n sì lè tì í láìsọ tẹ́lẹ̀, pàápàá ní May àti June tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣèdánwò. Ẹ ka pátákó ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì bi aṣọ́nà léèrè. Christ Church ni gbogbo ayé ń sáré lọ. Owó rẹ̀ wọ́n, èrò pọ̀, ó yẹ kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń ti gbọ̀ngàn rẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jẹun ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé owó kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló wà lápò, New College ni mo fọwọ́ sí. Orúkọ ló jẹ́ "tuntun". 1379 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Odi ìlú àtijọ́ ṣì dúró digbí nínú ọgbà rẹ̀, torí àdéhùn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe láti máa tún un ṣe. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni olórí ìlú ń wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilẹ̀kùn tí ọmọ Yorùbá ò gbọ́dọ̀ fò ni ti mùsíọ́mù Pitt Rivers, ọ̀fẹ́ náà sì ni. Ẹ gba inú mùsíọ́mù Natural History kọjá, ẹ ó rí i lẹ́yìn pátápátá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago 12 ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí. Irú ohun ni wọ́n fi to ẹrù ibẹ̀, kì í ṣe orílẹ̀-èdè: ìlù wà pẹ̀lú ìlù, ìbòjú pẹ̀lú ìbòjú. Iná ibẹ̀ ṣókùnkùn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba aṣọ àti ìyẹ́ jẹ́, lébẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n fọwọ́ kọ sì kéré bí ìka ọmọdé, nítorí náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Dúrọ́ọ̀ wà lábẹ́ àwọn àpótí gíláàsì, ẹ lè fà á ṣí. Ní 2022, yunifásítì fara mọ́ ọn pé kí ohun 97 tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897 padà sí Nàìjíríà. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì lórí odò Cherwell, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Magdalen Bridge, dùn púpọ̀, òun náà ló sì ń fi omi rẹ ènìyàn. Ẹ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀pá já lóòró wọnú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gan-an, kó kan ilẹ̀ kí ẹ tó tì í. Bó bá jìnnà sí ọkọ̀, ọkọ̀ á máa yí po. Ẹ fọwọ́ lọ́ ọ díẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ, torí ẹrẹ̀ máa ń dì í mú. Bí kò bá jáde, ẹ tètè fi sílẹ̀: ọkọ̀ ò ní dúró, ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọ̀pá ló ń já somi. Àjẹ̀ inú ọkọ̀ ni ẹ ó fi padà lọ mú un.

Ní ti oúnjẹ, High Street wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọjá afárá Magdalen sí Cowley Road, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ti ń jẹun. Oúnjẹ oríṣiríṣi ilẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ọjà ìta Gloucester Green dára, láti Ọjọ́rú sí Sátidé.

Bí ẹ bá ṣì wà nílùú lálẹ́, ẹ dúró sí St Aldate's, níwájú Christ Church, ní aago 9:05. Agogo Great Tom á dún ní ìgbà 101, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ìgbà àtijọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, aago Oxford tí wọ́n ń lò kí aago gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó di ọ̀kan ló fà á: ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún wà lẹ́yìn ti London. Láyé ọjọ́un, bí agogo náà bá ti dún tán, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ti ilẹ̀kùn.