PhET: sípírìńgì lápá òsì, iná lápá ọ̀tún

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ SS3 ní físíìsì, tí kíkọ L (inductor) àti C (capacitor) sójú pátákó ti sú yín, PhET, àkójọ eré sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ gbìyànjú. Carl Wieman ló dá a sílẹ̀ ní 2002 ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè gba fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹni tó ń ra dátà lówó ara rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Méjì nínú àwọn eré rẹ̀ ni mo máa ń ṣí pọ̀: Masses and Springs lápá òsì, Circuit Construction Kit: AC lápá ọ̀tún. Ẹ fi 50 giramu kọ́ sípírìńgì, ẹ fà á, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ ka àkókò tí lílọ-bíbọ̀ kan gbà. Ẹ sọ ọ́ di 200 giramu: àkókò á di ìlọ́po méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Ó kan apá ọ̀tún. Ẹ fi bátìrì cháàjì capacitor, ohun tó ń tọ́jú iná, ẹ yọ bátìrì, ẹ so inductor, wáyà kíká tí kì í jẹ́ kí iná yára yí padà, mọ́ ọn. Iná á máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ gbé inductor láti 2 henry (ìwọ̀n inductor) sí 8, àkókò lílọ-bíbọ̀ á di ìlọ́po méjì níbí náà. Inductor ló ń ṣiṣẹ́ ìwúwo, resistor, tó ń dí iná lọ́wọ́, dúró fún friction. Capacitor ni sípírìńgì, àmọ́ èyí tó tóbi ló rọ̀, èyí tó kéré ló le. Ibẹ̀ ló máa ń dojú rú fún àwọn ọmọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Júpítà. Nínú Masses and Springs, ẹ yan òòfà Júpítà, tó ju ti ayé wa lọ: ẹrù á rọ̀ sísàlẹ̀ gan-an, àkókò rẹ̀ ò ní yí padà rárá. Kíláàsì á pariwo pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ẹ wá so bátìrì 9 volt, inductor àti capacitor tí kò ní cháàjì pọ̀ ní yíká kan. Capacitor á fẹ́rẹ̀ẹ́ gun 18 volt, á padà sí ìtòsí òdo, á máa mì yí 9 ká, láìjẹ́ pé àkókò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà tí kò sí bátìrì. Ohun tí Júpítà ṣe fún ẹrù ni bátìrì ṣe níbí: àárín nìkan ló sún kúrò. Ẹrù tí ẹ bá sì jù sílẹ̀ níbi tí sípírìńgì kò tíì nà, á já wálẹ̀ ní ìlọ́po méjì ibi tó máa dúró sí, bí 18 yẹn gẹ́lẹ́.

Ní làbù gidi, ó ṣòro láti fi ojú lásán rí eléyìí. Henry púpọ̀ ń béèrè wáyà gígùn, wáyà gígùn ní resistance tirẹ̀, mímì náà á ti kú kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Fóònù ò gba fèrèsé méjì dáadáa. Ẹ wá láptọ́ọ̀pù àti projector. Ẹ má sì fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí kò sí ibi tí wọ́n ti so eré méjèèjì pọ̀ fún un. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún PhET.