Adágún ìjukùn ní Golden Gate Park: ẹ lọ, kódà bí ẹ ò bá pẹja rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní San Francisco àti Oakland, tẹ́ ẹ ń wá eré ìdárayá tí kò ní gbówó lọ́wọ́ yín, ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nínú Golden Gate Park, ní òdìkejì ọgbà àwọn ẹfọ̀n Amẹ́ríkà, adágún mẹ́ta tí wọ́n fi kọnkéré ṣe wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1930. Ẹgbẹ́ Golden Gate Angling & Casting Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, ọ̀fẹ́ ni.

Fly casting (ìjukùn), ìyẹn jíju okùn ìpẹja, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ ó fi ọ̀pá ju okùn kí òwú kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè bọ́ sínú òrùka tó léfòó lórí omi. Òrùka náà fẹ̀ tó ínǹṣì 30. Kò sí ìwọ̀ lẹ́nu okùn, torí náà ọkàn mi balẹ̀ tí mo bá mú ọmọ lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní Sátidé, wọ́n máa ń kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì yá yín ní ọ̀pá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bàbá tó kọ́ mi ò mẹ́nu ba agbára rárá. Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò lé ẹ̀yìn ọ̀pá, kí n gbé okùn kúrò lórí omi, kí n dá ọwọ́ dúró gbọn-in, kí okùn nà tán lẹ́yìn mi kí n tó tì í síwájú. Ìdúró yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Òwú ẹnu okùn fúyẹ́ púpọ̀. Okùn fúnra rẹ̀ ló wúwo, òun ló ń tẹ ọ̀pá. Bí kò bá tíì nà, ọ̀pá ò ní ohun tó máa fà. Ẹni tó bá kánjú, okùn á dún pàá bí pàṣán. Ẹni tó bá pẹ́ jù, okùn á já wálẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ tó bá bọ́ sí i, okùn á ká bìrí lókè, á nà gbọọrọ, òwú á sì balẹ̀ wẹ́rẹ́ láàárín òrùka. Kò sí eré tí mo ṣe rí tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Steve Rajeff, tó gba ipò kìíní àgbáyé nínú eré yìí lọ́pọ̀ ìgbà, adágún yìí ló ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ náà ni Maxine McCormick ti ṣe ìdánrawò kó tó gba ipò kìíní àgbáyé ní Estonia ní 2016, lọ́mọ ọdún 12! Ẹ ò rí i pé kì í ṣe eré alágbára? Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ bá balẹ̀ lè na géńdé.

Atẹ́gùn òkun máa ń le lọ́sàn-án, àárọ̀ ló dáa jù. Ẹ dé fìlà, ẹ sì wọ awò ojú, torí okùn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìsọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ta ọ̀pá nọ́ńbà 5 fún mi pẹ̀lú okùn nọ́ńbà 8 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn ṣe wúwo tó àti ọ̀pá tó yẹ ẹ́), wọ́n ní wọ́n bára mu. Ọ̀pá náà kàn ń tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ ni. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fi ọ̀pá ẹgbẹ́ kọ́ ọ ná.

Nọ́ńbà 5 ti Muni, bọ́ọ̀sì ìlú San Francisco, tó ń gba òpópónà Fulton á já yín sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ìrìn díẹ̀ ló kù.