Àgbéyẹ̀wò IMSLP: fífi etí àti ìwé kọ́ tíọ́rì orin

IMSLP jẹ́ ibi ìkówèésí orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé orin inú rẹ̀ dára, ó sì pọ̀. Orin tó wà níbẹ̀ fún gbígbọ́ ni kò dọ́gba: òmíràn dùn gan-an, òmíràn sì jẹ́ ohùn kọ̀ǹpútà lásán tí kì í mí rárá. Fún ẹni tó ń kọ́ tíọ́rì ní Ilé-Ifẹ̀, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka orin ní OAU, ìbáà jẹ́ atẹdùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ jókòó ìdánwò ABRSM (ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ìdánwò orin), ibẹ̀ ni kó ti máa mú ìwé, àmọ́ kó la ojú dáadáa kó tó mú orin.

Ọdún 2006 ni Edward Guo dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àṣẹ-lórí-ara rẹ̀ ti parí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí kò sanwó ọmọ ẹgbẹ́ máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kí fáìlì tó ṣí, ìyẹn kì í ṣe ìyà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni abẹ́ "Sheet Music". Tó bá jẹ́ orin orkẹ́sírà, ẹ má gba "Parts", torí ohùn irinṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ rí kọ́ọ̀dù (ohùn bíi mẹ́ta tó ń dún pọ̀) níbẹ̀. Ẹ gba "Full Scores". Tí ìlà méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ lọ sí "Arrangements and Transcriptions", ẹ wá èyí tí wọ́n tò fún dùrù. Gbogbo síńfónì Beethoven mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni Liszt tò báyẹn. Kì í ṣe pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ọwọ́ á ya. Ẹ kàn fi ojú tẹ̀lé e.

Haydn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Síńfónì 94, ìpín kejì, key C. Ẹni tó bá ń fi sol-fa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin máa gbà á lójú ẹsẹ̀:

d d m m | s s m | f f r r | t t s | d d m m | s s m | d d fe fe | s

(t t s yẹn wà nísàlẹ̀ d, d d tó ṣáájú fe sì wà lókè.) Ẹ wo bar 7 (bar ni àlàfo láàárín ìlà | kan sí èkejì). "Fe" kì í ṣe ọmọ ilé key C. Ó wọlé láti ti orin lọ sórí s ni, ìdí nìyẹn tí bar 8 fi balẹ̀ sórí kọ́ọ̀dù V, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́ sórí s. Ẹ dá orin dúró níbẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ d jẹ́jẹ́. Ẹ máa rí i pé etí ti ń retí rẹ̀. Èyí ni half cadence, ìdúró tí orin kò tíì padà sílé, ẹ sì lè ka àlàyé rẹ̀ lójú ewé mẹ́ta kí ó má yé yín tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àfi bí gbogbo orkẹ́sírà ṣe bú gbàmù ní bar 16. Ariwo yẹn ló sọ orin náà di olókìkí, òun ló sì ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ: torí pé ó le, wọ́n á ní kọ́ọ̀dù I, ti d tó jẹ́ ilé, ni. Rárá o, kọ́ọ̀dù V náà ni, G ni báàsì rẹ̀. Agbára ohùn kò sọ kọ́ọ̀dù di ilé. Ìdáhùn gidi wà ní bar 17 sí 32, tí ó wá padà sórí C. Ní bar 49, orin bọ́ sí C minor. Etí máa kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan yí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá E♭ lórí ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìmú ìwé dání. Nígbà tí ẹ bá tún un gbọ́, ẹ fi ìka tẹ̀lé báàsì nìkan, ẹ jẹ́ kí ohùn òkè máa lọ. Báàsì ló ń sọ bóyá kọ́ọ̀dù wà ní ìdúró rẹ̀ gan-an tàbí wọ́n yí i. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ohùn òkè nìkan, adùn ló ń jẹ, kì í ṣe tíọ́rì ló ń kọ́.

Fún kọ́ọ̀dù tó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó dà bí Prelude Bach ní C, BWV 846 (nọ́ńbà iṣẹ́ Bach nìyẹn). Orin tó wà fún un lórí IMSLP pọ̀, ṣùgbọ́n èmi á ní kí ẹ lo ti Kimiko Ishizaka, tó gbé gbogbo apá kìíní Well-Tempered Clavier, ìwé Bach tí Prelude yìí wà nínú rẹ̀, jáde ní 2015 láìfi àṣẹ-lórí-ara kankan dè é. Ẹ lè gbà á sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo akọrin, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bar kan, kọ́ọ̀dù kan ni. Ẹ kọ báàsì bar mọ́kànlá àkọ́kọ́ sílẹ̀: d d t d d d t t l r s. Ní bar 6, "fe" tún yọjú bí ti Haydn. Láti bar 24 dé 31, báàsì jókòó sórí s, kò kúrò; ní bar 32, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí d títí tó fi parí ní bar 35.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ máa ń da iṣẹ́ rú. S yẹn jẹ́ bíi 98 Hz, d tó tẹ̀lé e jẹ́ bíi 65 Hz, agbọ̀rọ̀sọ fóònù kéékèèké kò sì lè gbé ohùn tó jìn tó yẹn jáde dáadáa. Ẹ lo earpiece, kí ẹ sì rí i pé etí méjèèjì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tí ọ̀kan bá ti kú, ẹ lè ní ohùn fayolíìnì kí ẹ má sì ní ti báàsì, torí ọ̀pọ̀ orkẹ́sírà ni wọ́n gbà sílẹ̀ pẹ̀lú fayolíìnì lápá òsì àti báàsì lápá ọ̀tún.

Tí ìwé Bach yín bá ní bar 36, etí yín kọ́ ló ṣìṣe. Báàsì fò láti F♯ ní bar 22 sí A♭ ní bar 23, àwọn kan láyé àtijọ́ rò pé nǹkan já síbẹ̀, wọ́n wá ki bar kan bọ àárín. Bar Schwencke ni wọ́n ń pè é. Òun náà ni Gounod lò nínú Ave Maria rẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ tó ní bar yìí wà lára àwọn tí ẹ máa bá pàdé, nítorí náà ẹ ka bar kí ẹ tó tẹ̀wé.

Ohun mìíràn tó ń dààmú èèyàn ni pé kíbọ́ọ̀dù ilé ń sọ B, ìwé ń sọ C. Àwọn tó ń fi irinṣẹ́ ayé Bach ṣeré máa ń tún A wọn sí 415 Hz dípò 440, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó semitone kan (ìgbésẹ̀ tó kéré jù lórí kíbọ́ọ̀dù) nísàlẹ̀. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà fún títún orin tò, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lo "Change Pitch", ẹ gbé e sókè ní semitone 1, ó tán. Tí orin bá yára jù, "Change Tempo" ní −30 ni, kì í ṣe "Change Speed", torí èyí á tún fa ohùn wálẹ̀. Bí orin bá ń lọ, ẹ tẹ Ctrl+M níbi tí cadence bá ti bọ́ sí, àmì á dúró síbẹ̀.

Síńfónì Karùn-ún ti Beethoven kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní bar 59, ohun tí ẹ máa rí lórí ìlà horn (fèrè ìwo) ni G-G-G-C-D-G, ohun tó ń dún ni B♭-B♭-B♭-E♭-F-B♭, torí horn in E♭ ni: C tí wọ́n kọ fún un, E♭ ló ń dún. Kí ẹ sì mọ̀ pé àmì tó ní kí wọ́n tún orin bẹ̀rẹ̀ wà ní bar 124. Olùdarí mìíràn kì í tún un ṣe, ìwé yín á wá dá dúró nígbà tí orin ti lọ.

Ẹ má retí àwọn akọ̀wé orin wa, Sowande, Bánkọ́lé tàbí Akin Euba, tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ níbí, láàárín àwọn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí. Bánkọ́lé kú ní 1976, Sowande ní 1987, Euba ní 2020, àṣẹ-lórí-ara iṣẹ́ wọn kò tíì parí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òfin ni.

Ní ti dátà, MP3 128 kbps ń jẹ bíi MB kan ní ìṣẹ́jú kan, ó sì tó fún tíọ́rì. 320 kbps ń jẹ bíi 2.4 MB. Ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má máa fi íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọ ní ìgbà ogún. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀wé ní Lágere, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojú ewé orkẹ́sírà méjì sórí A4 kan torí owó. Ẹ kò ní rí ♯ yàtọ̀ sí ♮. Ti Bach àti ti dùrù kò ní wàhálà.