Ọjọ́ Mẹ́ta Nítòsí Ìkògósí: Wọ́n Ní Bọ́ọ̀lù Wà

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo bi ẹni tó gbé fóònù nílé ìgbàlejò kan nítòsí Ìkògósí kí n tó sanwó. Ṣé omi máa ń yọ? Ṣé iná máa ń wà? Ṣé a óò rí Premier League, líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wò nínú yàrá? Ó ní, “Gbogbo ẹ̀ ló wà, sà. Bọ́ọ̀lù wà, kátúùnù àwọn ọmọ náà wà.” Mo tún bi í nípa bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì, torí mo mọ ọjọ́ tí à ń sọ. Àjíǹde 2025 bọ́ sí 20 oṣù kẹrin, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Arsenal máa lọ bá Ipswich nílé wọn ní aago méjì ọ̀sán. Bí Arsenal bá fìdí rẹmi, tí Liverpool sì na Leicester ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ife ti di ti Liverpool lọ́jọ́ náà nìyẹn. Láti Ìbàdàn ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti wọ jẹ́sì Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal. Kò bọ́ ọ títí a fi dé Èkìtì.

Ọ̀nà kò fún wa ní wàhálà. A gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, a gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ilé ìgbàlejò náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí Ìkògósí. Yàrá méjì, òru mẹ́ta, 150,000 náírà lápapọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà kò fún wa ní kọ́kọ́rọ́ títí áláàtì fi wọlé sórí fóònù rẹ̀. Mi ò bá a wí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ayédèrú áláàtì ti dá lóró. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí pé wọn ò fi owó tiwọn ṣeré rárá.

Ọjọ́ Sátidé la lọ síbi omi. Omi gbígbóná ń ṣàn lápá kan, omi tútù ń ṣàn lápá kejì, wọ́n sì pàdé lójú wa. Ọmọ mi obìnrin ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, ó ki tòsì bọ ìkejì, ó dúró báyìí fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ní, “Mọ́mì, ẹsẹ̀ kan ń sùn, ìkejì ti jí.” Tí ẹ bá ní ọmọ, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa omi.

Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ sọ.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo mú rìmóòtù, èyí tí wọ́n fi rọ́bà so bátìrì rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, mo tan tẹlifíṣàn. Ohun tó kọ síwájú rẹ̀ yé ọmọ iléèwé: owó ti tán, ẹ lọ san owó. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn, sà.” Mo pa á, mo tún un tàn. Ó rán ọmọkùnrin kan gun òrùlé lọ mi díìṣì. Mo ní, “Àǹtí, díìṣì ò ṣẹ̀, owó ni wọn ò san.” Ó pe máníjà. Máníjà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣàn fún un lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ní sùúrù, mo ti ń san án lọ báyìí.”

Aago méjì lù. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo pe máníjà padà, mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà dekódà, èmi fúnra mi á san án. Ó ní nínú ọ́fíìsì ni dekódà wà, ọ́fíìsì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun ní Adó. Ṣé ẹ rí i? Ó ti mọ̀ láti àárọ̀. Ká ní ó sọ fún mi ní àárọ̀ pé kò sí bọ́ọ̀lù, ǹ bá ti wá ibòmíì lọ. Ìyẹn ló dùn mí ju owó lọ.

Ìgbà náà ni ọmọ mi rí i lórí fóònù pé Trossard ti Arsenal ti gbá ọ̀kan wọlé. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Dádì, mi ò fẹ́ kà á, mo fẹ́ rí i ni.” Ìyàwó mi ní, “Bàbá Táyọ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé lónìí.” Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ẹni tó dá wa dúró ni ìyá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ó jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. “Kí ló ń pa ọmọ yìí lẹ́kún?” Mo ṣàlàyé. Kò bá mi jiyàn, kò sì ní kí n ní sùúrù. Ó ní, “Ẹ tẹ̀ lé mi.” Ó fi iṣu sórí iná fún ẹlòmíì, ó mú ọmọ mi lọ́wọ́, a gba ẹ̀yìn ilé já sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan, páànù lókè, bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀. Ó sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé àlejò òun ni wá. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Bí a ṣe wọlé, gbogbo ilé ló wà lórí ìdúró. Martinelli ti sọ ọ́ di méjì, Leif Davis ti Ipswich sì ti fẹsẹ̀ gún Saka lẹ́yìn gìgísẹ̀. Káàdì pupa jáde. “Bùkáyọ̀! Ẹ ti pa Bùkáyọ̀!” Wọn ò pè é ní Saka níbẹ̀. Bí ọmọ ilé kejì ni wọ́n ń pè é. Bàbá àgbà kan rí jẹ́sì tó wà lọ́rùn ọmọ mi, ó fà á lọ síwájú, ó gbé e jókòó. Nígbà tí Trossard tún gbá ìkẹta wọlé, tí Nwaneri sì fi ìkẹrin parí rẹ̀, mi ò rí ọmọ mi mọ́, apá àwọn èèyàn ló bò ó.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e dùn ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ Liverpool kan dìde, ó ní ife ti bọ́ lọ́wọ́ àwa Arsenal látọjọ́ tá a ti kọ̀ láti ra ẹni tó máa gbá góòlù wọlé ní oṣù kìíní. Òtítọ́ ló sọ. Gabriel Jesus àti Havertz, àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, fara pa, Saka ò sí láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin, Merino tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àárín la wá fi síwájú. Ọ̀mì 14 la gbá ní sáà yẹn. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀mì gba ife nígbà tí Salah ń gbá góòlù 29 fún Liverpool. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Liverpool lu Tottenham 5-1 tí wọ́n sì gbé ife. Wọ́n fi àmì 84 parí, àwa fi 74. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tá a ṣe ipò kejì tẹ̀ léra. Mo fẹ́ràn Arteta, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sùúrù lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bàbá àgbà yẹn ní gbogbo wa ń pariwo Lọ́ńdọ̀nù, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ sì fẹ́ gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n gbà á lóòótọ́.

Àárọ̀ Ajé ni máníjà yọjú. Mo rò pé ó wá bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní, “Sà, ṣebí omi lẹ wá wò, ẹ ò wá wo bọ́ọ̀lù.” Mi ò dá a lóhùn. Wọ́n tún máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mọ́kànlá òru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ọwọ́, ẹ gbọ́ o.

Ìyá yẹn gún iyán fún wa kí a tó lọ, iyán tí kò ní kókó kan, ó fi ẹ̀fọ́ rírò sí i, kò sì kọ ọ́ mọ́ owó wa. Ọmọ mi kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè tẹlifíṣàn. Ẹ lọ sí ilé ìdáná, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀yìn hàn yín, kẹ́ ẹ sì tètè lọ, torí bẹ́ǹṣì iwájú máa ń kún.