"Undo" ti Gmail: ó tó fún àṣìkọ, kò tó fún ìbínú

Bẹ́ ẹ bá tẹ "Send" nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, àpótí dúdú kékeré kan á yọ nísàlẹ̀ lápá òsì: "Message sent", pẹ̀lú "Undo" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má gba ohun tó kọ síbẹ̀ gbọ́. Lẹ́tà náà ò tíì kúrò ńlẹ̀. Ńṣe ni Gmail dì í mú díẹ̀. Tí àkókò yẹn bá ti pé, ó lọ nìyẹn, kò sí bọ́tìnì tó lè gbà á padà mọ́.

Ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré ni wọ́n fi sí i, kò tó nǹkan kan. Ẹ tẹ àmì kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lókè, ẹ tẹ "See all settings". Abẹ́ "General" ni "Undo Send" wà. 5, 10, 20 àti 30 ló wà ńbẹ̀: ẹ mú 30. Kẹ́ ẹ wá wọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ "Save Changes", torí ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, orí 5 ló ṣì wà. Bí "Default reply behavior" bá wà lórí "Reply all", ẹ dá a padà sí "Reply" kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí èsì gbígbóná tó yẹ ẹnì kan má lọ bá gbogbo ọ́fíìsì.

Fún fáìlì tẹ́ ẹ gbàgbé, tàbí orúkọ ọ̀gá tẹ́ ẹ ṣì kọ, 30 tó dáadáa. Ta ni inú rẹ̀ ń ru tí í rọ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú? "Schedule send" tí wọ́n gbé jáde ní 2019 ló wúlò fún ìyẹn. Ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Send" ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kẹ́ ẹ mú àárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ ẹ bá tún un kà tí ojú ń tì yín, ẹ lọ sí "Scheduled", ẹ tẹ "Cancel send". Èyí tó tún dá mi lójú jù ni pé kẹ́ ẹ yọ àdírẹ́sì kúrò nínú "To" kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Gmail kì í fi lẹ́tà tí kò ní ẹni tó máa gbà á ránṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá nígbà tẹ́ ẹ bá ń tún un kà ni irú "As per my last email". Ẹ̀gàn ni ẹni tó ń kà á máa gbọ́ níbẹ̀. "Fáìlì náà rèé lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò èsì yín kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀" béèrè ohun kan náà, kò sì sẹ́ni tó máa fi jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Outlook, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé "Recall": inú ilé iṣẹ́ kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò lè gba ohun tó ti wọ Gmail oníbàárà padà.